Bí a ṣe ń tú ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: gbólóhùn ló ṣáájú, ọnà èdè ló kẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ti ewì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọnà èdè ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá kiri. Wọ́n á rí ọ̀rọ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ wọn, wọ́n á kọ "alliteration" sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n á rí "like" tàbí "as", wọ́n á kọ "simile". Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, ojú ìwé á ti kún fún orúkọ, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n sọ ohun tí ìlà kẹjọ ń wí ní ṣókí, ẹnu wọn á wọ̀ ṣin. Ètò tí a fẹ́ là sílẹ̀ níbí yàtọ̀ sí ìyẹn. Tú gbólóhùn ná, kí o mọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Lẹ́yìn náà, wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó túmọ̀ sí láyé akéwì. Ìgbà yẹn ni kí o tó máa dárúkọ ọnà èdè. Ọnà èdè tí o bá dárúkọ lórí gbólóhùn tí kò yé ọ, orúkọ lásán ni, àwọn tó ń máàkì ìdánwò WAEC àti NECO sì mọ orúkọ lásán bí wọ́n bá ti rí i.

Ewì kan la ó tẹjú mọ́ jù: "Ozymandias" tí Percy Bysshe Shelley kọ, tí ìwé ìròyìn The Examiner nílùú London tẹ̀ jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1818. Ìlà 14 péré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣòro tí ewì àtijọ́ máa ń kó bá òǹkàwé ló wà nínú rẹ̀. A ó yà sọ́dọ̀ William Shakespeare àti William Blake níbi tí tiwọn bá ti là á yéni jù.

Ohun tí o máa kó sílẹ̀

Fi ọwọ́ ara rẹ da ewì náà kọ sórí ìwé. Fi àlàfo ìlà méjì sí àárín ìlà kan àti èkejì, kí o sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà karùn-ún àti ìkẹwàá. Má fi ìdàkọ yìí ṣeré. Ojú tó ń sáré kàwé máa ń fo ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "yet", "nor" àti "but", bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń yí ìtumọ̀ padà. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé kì í fò wọ́n. Fi ẹ̀dà méjì wéra kí o tó gba èyíkéyìí gbọ́, nítorí àwọn ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń sọ àmì ìdánudúró nù, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sì lè dojú gbólóhùn dé.

O tún nílò atúmọ̀-èdè ńlá. Èyí tó wà lórí fóònù máa ń gbé ìtumọ̀ òde òní síwájú, ó sì lè má mẹ́nu kan ti àtijọ́ rárá. Oxford English Dictionary ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń sọ ọdún tí a kọ́kọ́ rí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan lákọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ló ní in. Bí kò bá sí, atúmọ̀-èdè tí Samuel Johnson gbé jáde lọ́dún 1755 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun gan-an ló dára fún Blake àti Shelley, torí ó sún mọ́ ayé wọn.

Gbólóhùn ni kí o kọ́kọ́ tú

Ka ewì náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì ìdánudúró ni kí o máa tẹ̀ lé, má ṣe dúró ní ìparí ìlà bí kò bá sí àmì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ìṣe tó jẹ́ òpó gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí o fi òbíríkítí yí i ká, kí o sì wá olùwà rẹ̀. Wo ibi tó le jù nínú "Ozymandias", ìlà kẹta sí ìkẹjọ. Arìnrìn-àjò kan ló ń sọ ohun tó rí nínú aṣálẹ̀, ó sì ti dárúkọ ẹsẹ̀ òkúta méjì tó dá dúró, àjẹkù ère ọba kan tó ń jẹ́ Ozymandias:

"Near them, on the sand,
Half sunk a shattered visage lies, whose frown,
And wrinkled lip, and sneer of cold command,
Tell that its sculptor well those passions read
Which yet survive, stamped on these lifeless things,
The hand that mocked them, and the heart that fed;"

Ìṣe àkọ́kọ́ ni "lies", olùwà rẹ̀ sì ni "a shattered visage", ojú tó ti fọ́. Ìṣe kejì ni "tell". Nǹkan mẹ́ta ni olùwà rẹ̀: ojú tó faro, ètè tó hunjọ, àti yíyínmú ẹni tó ń pàṣẹ láìláàánú. Kí ni àwọn mẹ́ta yìí ń sọ? Pé "its sculptor well those passions read". Ètò ọ̀rọ̀ ti yí níbí. Tò ó padà sí bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, wàá rí "its sculptor read those passions well": agbẹ́gilére, tàbí ká kúkú pè é ní agbẹ́kùúta, mọ inú ọba náà dénú. "Read" níbí jẹ́ ohun tó ti kọjá, bíi "red" la sì ń pè é. Bí o bá ń ṣiyèméjì, wo ìparí ìlà kẹjọ: "fed" ló bá a dọ́gba. Ìró ìparí ìlà máa ń báni yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà má fojú kéré rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń ṣubú ló kàn. Wọ́n á ka "Which yet survive", wọ́n á gbà pé "ó ṣì wà láàyè" lásán ni, pé gbólóhùn ti parí síbẹ̀. Bí wọ́n bá wá dé ìlà kẹjọ, "the hand" àti "the heart" á so rọ̀ lófuurufú, láìní ìṣe kankan tó dì wọ́n mú. Ìdí rẹ̀ ni pé "survive" nílò àbọ̀ níbí: láti pẹ́ láyé ju ẹlòmíràn lọ, bí ìgbà tí opó bá kẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àfibọ̀ tó wà láàárín, "stamped on these lifeless things", ló ya ìṣe kúrò lára àbọ̀ rẹ̀. Fi ìka bo ọ̀rọ̀ àfibọ̀ náà, kí o tún un kà: "which yet survive the hand that mocked them, and the heart that fed". Ó ti yanjú. Ìka bíbò yìí ni kí o máa lò níbikíbi tí gbólóhùn gígùn bá ti dojú rú, ìbáà jẹ́ ewì Milton tàbí ti Donne.

Wá kọ ohun tí o rí sílẹ̀ ní Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì lè tún ọ̀rọ̀ akéwì pè kó sì rò pé òun ti ṣàlàyé. Yorùbá kò ní jẹ́ kó rí ibi sá sí. Báyìí ni a ṣe máa kọ ìlà mẹ́fà yẹn: Nítòsí wọn, lórí iyanrìn, ojú kan tó ti fọ́ wà nílẹ̀, ó ti rì dé ìdajì. Bó ṣe faro, bí ètè rẹ̀ ṣe hunjọ, bó ṣe ń yínmú bí ẹni tó mọ àṣẹ pa tí kò mọ àánú, fi hàn pé ẹni tó gbẹ́ ère náà mọ ohun tó wà nínú ọba. Ohun tó wà nínú ọba yẹn ṣì hàn lára òkúta tí kò lẹ́mìí. Ó ti pẹ́ ju ọwọ́ tó sín in jẹ lọ, ó sì ti pẹ́ ju ọkàn tó ń bọ́ ọ lọ.

Bí o kò bá tíì lè kọ irú èyí, má kọjá sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí Shakespeare bá kọ "Sometime too hot the eye of heaven shines", ohun kan náà ni kí o ṣe: ta ló ń tàn? "The eye of heaven". Báwo ló ṣe ń tàn? "Too hot". "Sometime" rẹ̀ sì dúró fún "sometimes" òde òní.

Ọ̀rọ̀ tí o rò pé o mọ̀

Ọ̀rọ̀ tí o kò rí rí kò léwu, nítorí o máa wá a. Èyí tí o mọ̀ lónìí, tó ní ìtumọ̀ mìíràn láyé ìjọ́un, ni kí o máa ṣọ́. Nínú "Ozymandias", "antique" kì í ṣe àga àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní owó gọbọi, "àtayébáyé" ni. "Trunk" nínú "trunkless" ni ara èèyàn láti ọrùn dé ìbàdí, kì í ṣe ọwọ́jà erin, kì í sì í ṣe àpótí: ẹsẹ̀ wà, ara kò sí. "Beside" nínú "Nothing beside remains" ni "yàtọ̀ sí èyí". Gbogbo ìwọ̀nyí á gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

"Mocked" gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lónìí, láti fini ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Láyé Shelley, ó tún ń jẹ́ láti ṣe àwòkọ nǹkan, láti sín in jẹ. Èwo ni ká mú? Méjèèjì. Ọwọ́ agbẹ́kùúta ṣe àwòkọ ojú ọba bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbẹ́ ìgbéraga náà jáde tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi rí i. Iṣẹ́ tí ọba san owó rẹ̀ ló tú àṣírí ọba. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì tí àwọn méjèèjì bá gbólóhùn mu, má yan ọ̀kan. Kọ wọ́n méjèèjì, kí o sì sọ bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Fífi ọ̀rọ̀ dárà nìyẹn.

Nínú Sonnet 18 Shakespeare (sonnet ni ewì onílà 14, bíi "Ozymandias"), tó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1609, ìlà kan wà tó sọ pé "Nor lose possession of that fair thou ow'st". Ẹni tó bá rò pé "ow'st" jẹ́ láti jẹ gbèsè ti dojú ìlà náà dé. "Ownest" ni, ohun tí o ní, tó jẹ́ tìrẹ. "Fair" sì di ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀: ẹwà. Wá wo ìlà kẹrin, "And summer's lease hath all too short a date". "Lease" ni ìwé àdéhùn ilé tàbí ilẹ̀ tí a gbà fún ìgbà díẹ̀, "date" sì ni gbèdéke rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí a dá pàdé. Kó wọn jọ: "lease", "date", "possession", "ow'st". Agboolé kan náà ni wọ́n ti wá, èdè àwọn tó ń ṣe ìwé ohun-ìní. Ẹ̀ẹ̀rùn yá ẹwà ni, gbèdéke á pé, á dá a padà. Ẹni tí akéwì ń kì ló ni tirẹ̀. Máa kó ọ̀rọ̀ jọ báyìí nígbà gbogbo. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá wá láti inú iṣẹ́ kan náà, òfin, òwò, ogun tàbí ìsìn, kì í sábà jẹ́ èèṣì.

Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìṣòro kan pẹ̀lú ewì yẹn tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. "Summer's day" lójú wa lè dà bí ọ̀sán oòrùn gangan inú ẹ̀ẹ̀rùn, ta ni yóò sì fi ìyẹn yin olólùfẹ́? Ní England, ìgbà tí ara ń tu èèyàn lẹ́yìn òtútù oṣù púpọ̀ ni. Oṣù May tí ewì náà dárúkọ pàápàá kò bá tòde òní dọ́gba: kàlẹ́ńdà England ìgbà yẹn fi ọjọ́ mẹ́wàá wà lẹ́yìn èyí tí a ń lò, nítorí náà May wọn wọ inú June wa. Lọ́dún 1752 ni wọ́n tó yí i padà. Wá ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ewì kí o tó sọ pé àfiwé kan dára tàbí kò dára.

Ní ti "thou", ọwọ́ wa ló bọ́ sí i. "Thou" ni "ìwọ" tó jẹ́ olùwà, "thee" ni tó jẹ́ àbọ̀, "thy" ni "rẹ", "thine" náà sì ni "rẹ" bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e. "Ye" ni "ẹ̀yin". Ìṣe tó bá tẹ̀ lé "thou" máa ń gbé "-st" tàbí "-t" sẹ́yìn: "thou hast", "thou art", "thou grow'st". "Hath" àti "doth" jẹ́ ti ẹnìkẹta. Bíi tiwa, "thou" wà fún ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ọmọdé, ẹni tí a fẹ́ bú, àti Ọlọ́run. "You" wà fún àgbà tàbí fún èèyàn púpọ̀. Bí akéwì bá kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú "Ozymandias", "ye Mighty" ni ọba náà kọ: ẹ̀yin alágbára. Àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá wí. Arìnrìn-àjò tó ń fẹsẹ̀ kọjá kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo tó rí ọ̀rọ̀ náà kà.

Blake ló ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wọn. Ewì rẹ̀ "London", ti ọdún 1794, bẹ̀rẹ̀ báyìí: "I wander thro' each charter'd street, / Near where the charter'd Thames does flow". "Charter" ni ìwé àṣẹ ọba tó fún ìlú tàbí ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Royal Niger Company gbà lọ́dún 1886 tó fi jọba lórí òwò etí odò Ọya. Ẹ̀tọ́ tí a fún ẹnì kan ni a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Títì ti ní olówó, ó burú tó. Odò tó ń ṣàn náà tún ti ní olówó. Nínú ewì kan náà, igbe ọmọ tó ń gbá inú ihò èéfín orí ilé "every blackning Church appalls". Èéfín ń sọ ṣọ́ọ̀ṣì di dúdú, "appall" sì ni láti kó jìnnìjìnnì báni títí ojú á fi funfun. Ṣọ́ọ̀ṣì ń dúdú, ó ń funfun, nínú ìlà kan ṣoṣo. Ka lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́rin ẹsẹ kẹta yẹn láti òkè sísàlẹ̀: H, E, A, R. Ẹsẹ kejì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí pẹ̀lú "I hear" ni.

Ààlà kan wà o. Ìtumọ̀ tí wọn kò tíì bí nígbà tí akéwì ń kọ̀wé, má gbé e wọ inú ewì. "A poet could not but be gay" tí William Wordsworth kọ kò ju "kò sí bí akéwì kò ṣe ní yọ̀" lọ. Ibi tí ọdún inú atúmọ̀-èdè ti ń gbani nìyí.

Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde

Má kọ "Shelley pàdé arìnrìn-àjò kan". "I" inú ewì kì í ṣe Shelley. Ohùn mẹ́ta ló wà nínú ìlà 14 yẹn: "I" tó bẹ̀rẹ̀, arìnrìn-àjò tó gba ọ̀rọ̀ láti ìlà kejì dé òpin, àti ọba tó ń sọ̀rọ̀ láti ara òkúta ní ìlà kẹwàá àti ìkọkànlá. Fi pẹ́ńsùlù àwọ̀ mẹ́ta sàmì sí wọn. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, wàá rí i pé ọba tó ní kí gbogbo alágbára wò òun kò rí ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Àtẹnudẹ́nu ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn ewì wúlò bó bá jẹ́ òótọ́, tí o kò sì jẹ́ kó gba ojú ìwé. Ozymandias ni orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe Ramesses Kejì, ọba Íjíbítì tó jọba láti ọdún 1279 sí 1213 ṣáájú ìbí Kristi. Diodorus Siculus, òpìtàn ayé àtijọ́, ló ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ara ère náà. Shelley àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Horace Smith ni wọ́n jọ fi kókó kan náà figẹ̀ wọngẹ̀, ti Smith sì jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà lóṣù kejì 1818. Ọ̀pọ̀ àlàyé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé Shelley rí orí ère Ramesses ní British Museum kó tó kọ ewì. Kò lè rí bẹ́ẹ̀: nígbà tí ère yẹn fi máa gúnlẹ̀ sí London, ewì ti jáde.

Ìwọ̀n ìlà

Etí Yorùbá ń gbọ́ òkè, ìsàlẹ̀ àti àárín. Ewì Gẹ̀ẹ́sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sílébù tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti èyí tí a fò fẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún gbogbo sílébù ní ìwọ̀n kan náà, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń sọ Yorùbá, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, má fi etí nìkan ṣe é. Mú àwọn ọ̀rọ̀ tó ní sílébù ju ọ̀kan lọ ná, kí o wo atúmọ̀-èdè: àmì kékeré tó wà lókè ń jókòó síwájú sílébù tó wúwo. Sàmì sí wọn. Lẹ́yìn náà, sàmì sí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ìṣe oní-sílébù kan. Ohun tó kù, "the", "of", "and", sábà máa ń fúyẹ́. Báyìí ni ìlà àkọ́kọ́ Sonnet 18 ṣe rí, tí a bá fi lẹ́tà ńlá kọ èyí tó wúwo: shall I com-PARE thee TO a SUM-mer's DAY. Sílébù mẹ́wàá, fífúyẹ́, wíwúwo, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Òun ni wọ́n ń pè ní iambic pentameter. ("I" náà lè wúwo tàbí kí "shall" wúwo, ẹni tó ń kà á ló ń yàn.)

Bí àmì ìgékúrú bá wà nínú "untrimm'd" tàbí "dimm'd", akéwì ń sọ fún ọ pé kí o má pe "-ed" bíi sílébù. Ẹ̀dà òde òní tó bá kọ ọ́ tán á sọ kíkà rẹ di mọ́kànlá, wàá sì rò pé akéwì ló ṣìṣe.

Ibi tí ìlà bá ti yapa ni ohun tí o ń wá wà. "STAND in the DES-ert". "LOOK on my WORKS". "NOTH-ing be-SIDE re-MAINS. ROUND the de-CAY". Gbogbo wọn fi sílébù wíwúwo bẹ̀rẹ̀. Ọba fi "Look" pàṣẹ, ìlà tó tẹ̀ lé e sì fi "Nothing" lu orí àṣẹ náà ní ibi kan náà gan-an.

Kọ lẹ́tà sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ìlà tí ìró ìparí wọn bára dọ́gba gba lẹ́tà kan náà, kí o tó sọ irú sonnet tó jẹ́. Àwọn tó ń fojú díwọ̀n máa ń kọ "Shakespearean" tàbí "Petrarchan", orúkọ irú sonnet méjì tó gbajúmọ̀ jù. ABABACDCEDEFEF ni "Ozymandias": kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ó wá kan ọnà èdè

Fún ọnà kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta ni kí o kọ: ọ̀rọ̀ akéwì gan-an, orúkọ ọnà náà, àti iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló ní máàkì, òun náà ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. "Ó mú kí ewì dùn" kì í ṣe ìdáhùn, nítorí o lè kọ ọ́ sábẹ́ ewì èyíkéyìí láyé.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni kí o yọ ọ́, kí o fi òmíràn sí i. Yọ "colossal" kúrò nínú "that colossal Wreck", fi "enormous" sí i. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà. Kí ló sọnù? "Colossus" ni orúkọ ère ràgàjì ayé àtijọ́. Ère ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà, "enormous" kò ní in. Yọ "hand" àti "heart" ní ìlà kẹjọ, fi "artist" àti "king" sí i. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ọkàn ń gbèrò; ẹ̀yà ara kan la fi dúró fún odidi èèyàn, èyí tí ìwé ìdánwò ń pè ní synecdoche. Ère tó wà nílẹ̀ náà, ẹ̀yà ara ló kù nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ níhìn-ín, ojú lọ́hùn-ún. Ọnà èdè ń ṣe sí àwọn èèyàn inú ewì ohun tí aṣálẹ̀ ṣe sí ère.

Àfiwé tààrà kò sí nínú ewì yìí rárá. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá bi ọ́. Má fi agbára wá a.

Ìlà méjì tó kẹ́yìn ló kún fún ìró: "boundless and bare", "lone and level", "sands stretch". B méjì, L méjì, S méjì, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìdíwọ́. Ìtò yìí tẹ́jú bákan náà láti òpin kan dé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó ń ṣàpèjúwe. Kíyè sí i pé "cold command" tó jẹ́ ti ọba kò ní ju ẹyọ kan lọ, iyanrìn sì ní mẹ́ta.

Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè ní irony, ni òpó ewì náà. "Look on my Works, ye Mighty, and despair!" Ní ẹnu ọba, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ sọ̀rètí nù, ẹ kò lè ṣe tó mi. Nínú iyanrìn tó dá páropáro, ọ̀rọ̀ kan náà ń wí pé ẹ sọ̀rètí nù, nítorí bí tèmi ti parí, bẹ́ẹ̀ ni tiyín á ṣe parí. Lẹ́tà kan kò yí padà nínú gbólóhùn náà. Ohun tó yí padà ni ohun tó wà láyìíká rẹ̀, nítorí náà má fa ìlà 11 yọ nìkan bí o bá ń kọ nípa ẹ̀dà-ọ̀rọ̀. Fa ìlà 12 mọ́ ọn.

Kíkọ ìpínrọ̀

Ìpínrọ̀ aláìlágbára rí báyìí: "Akéwì lo irony, alliteration àti imagery. Àpẹẹrẹ alliteration ni 'boundless and bare'. Èyí mú kí ewì náà fani mọ́ra." Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́.

Èyí tó lágbára mú nǹkan kan ṣoṣo, ó sì tẹ̀ lé e dópin: "Shelley gbé àṣẹ ọba, 'Look on my Works, ye Mighty, and despair!', sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta, 'Nothing beside remains'. Àṣẹ náà ní àmì ìyanu àti lẹ́tà ńlá ní 'Works' àti 'Mighty'. Gbólóhùn tó fèsì kò ní ọ̀kankan. Àwọn méjèèjì fi sílébù wíwúwo bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 'Nothing' bọ́ sí ipò tí 'Look' wà. 'Works' tí ọba ní ká wò kò sí mọ́, 'despair' rẹ̀ sì ti yí padà di ìkìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ jọ ọ́." Gbólóhùn márùn-ún, ìlà méjì péré láti inú ewì, ọnà èdè mẹ́ta tí a kò tilẹ̀ to orúkọ wọn.

Bí o bá fa ìlà méjì yọ sínú gbólóhùn rẹ, fi àmì "/" sí ibi tí ìlà ti parí. Bó bá ti ju mẹ́ta lọ, ya wọ́n sọ́tọ̀ bó ṣe wà nínú ewì. Má tún sípẹ́lì akéwì ṣe: Blake kọ "blackning" àti "thro'", kọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí o bá parí, gbé ẹ̀dà tí o fọwọ́ kọ síwájú, kí o sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò wé e ní lẹ́tà sí lẹ́tà, títí kan kọ́mà.